Ta Ló Ń Pàṣẹ fún Omi? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Mú Nǹkan Dì àti Ohun Tó Ń Mú Un Yọ́

Ẹni tó bá wọ ọjà Sandgrouse ní Lagos Island láàárọ̀ yóò bá oríṣiríṣi nǹkan nínú ooru kan ṣoṣo. Yìnyín tí wọ́n fọ́ sórí edé àti ẹja tútù ti ń di omi. Títùs àti kọ̀tẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà ṣì le gbagidi. Epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì ti pín sí méjì, òkè rẹ̀ ń ṣàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dì. Gáàsì tí àwọn olóúnjẹ fi ń dáná jẹ́ omi nínú sílíńdà, afẹ́fẹ́ ló ń dà bó bá ti jáde. Ọ̀dà ojú títì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì le tán. Oòrùn kan náà ló ń ràn sí gbogbo wọn, ooru ìta kò sì jìnnà sí dígírì 30, síbẹ̀ kò sí méjì nínú wọn tó ṣe bákan náà.

Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ nílé ayé: kí ló ń pinnu pé nǹkan kan yóò le, pé òmíràn yóò ṣàn, pé ẹ̀kẹta yóò fẹ́ lọ? Gbólóhùn kan ni ìwé sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ fi ń dáhùn: bí nǹkan ṣe gbóná tó ni. Ìdáhùn yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní igba ó lé àádọ́ta ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé e lórí, ọ̀wọ́ ìdáhùn tó sì wà nílẹ̀ báyìí tó márùn-ún. Àwọn kan nínú wọn ń ran ara wọn lọ́wọ́, àwọn kan ò sì lè jókòó pa pọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n Celsius ni gbogbo dígírì tí a ó dárúkọ.

Àwọn tó ní ìwọ̀n ooru ló ni gbogbo àṣẹ

Ìdáhùn yìí ló rọrùn jù, òun ló sì gbajúmọ̀ jù. Omi ń dì ní òdo, ó ń hó ní 100. Òjé ń yọ́ ní 327, irin ní 1,538. Makúrì inú tẹmómítà kò ní dì àfi tí òtútù bá dé dígírì 39 nísàlẹ̀ òdo. Ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ààlà tirẹ̀. Bó bá ti kọjá ààlà náà, ipò rẹ̀ yí padà.

Agbára ìdáhùn yìí hàn nínú òwò. Ẹni tó ń ta ẹja dídì kò nílò láti mọ nǹkan kan nípa átọ̀mù kó tó mọ̀ bóyá fírísà òun ń ṣiṣẹ́. Codex Alimentarius, ìlànà oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, fi dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo lélẹ̀ fún ẹja dídì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń wò láti Norway dé èbúté Àpápá, ó sì tó wọn. Ìdáhùn tó bá lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a óò fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Àìlera rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé omi fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà. Ní 1742 ni Anders Celsius, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Uppsala ní Sweden, fi yìnyín tó ń yọ́ àti omi tó ń hó sàmì sí orí tẹmómítà. (Bó ṣe tò ó nígbà yẹn, òdo ni omi tó ń hó, 100 sì ni yìnyín, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ ibi tó kọ lónìí.) Láti 1954 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2019 pàápàá, omi ni wọ́n fi ń túmọ̀ ìwọ̀n ooru fún gbogbo àgbáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé omi ń dì ní òdo nítorí pé ó dé òdo, ohun tó ń sọ kò ju pé àmì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Èyí tó le jù ni àìlera kejì. Bu yìnyín sínú omi, fi tẹmómítà sí i, rò ó dáadáa. Òdo ni yóò sọ fún ọ. Yìnyín wà ní òdo, omi wà ní òdo, méjèèjì jọ wà nínú abọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà yẹn nìkan ló ń pàṣẹ, èwo ló pa láṣẹ nínú méjèèjì?

Àwọn tó ní iye ooru ni ká kà

Joseph Black, oníṣègùn tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow, ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ líle mú ìbéèrè yẹn, ní nǹkan bí 1761. Ó ṣàkíyèsí pé bí a bá gbé yìnyín sínú yàrá tó móoru, tẹmómítà inú rẹ̀ kì í kúrò ní òdo títí gbogbo yìnyín yóò fi yọ́ tán. Ooru ń wọlé láti ìta, òṣùwọ̀n kò sì rí i. Black ní ooru náà fara pamọ́ ni. Kì í sì í ṣe díẹ̀: láti yọ́ kílò yìnyín kan láìjẹ́ kó gbóná rárá, a nílò nǹkan bíi kílójúùlù 334, ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti gbé kílò omi kan láti òdo dé dígírì 80. Láti sọ kílò omi tó ń hó di oru, kílójúùlù 2,257 ni, èyí tó lé ní ìlọ́po mẹ́fà ti àkọ́kọ́.

Kò sí ibi tí ìdáhùn yìí ti wúlò tó ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja. Ẹni tó ra yìnyín, yíyọ́ rẹ̀ ló rà. Kílò ẹja kan tó wà ní dígírì 30 gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan bíi kílójúùlù 110 kó tó dé òdo; lójú ìṣirò, kílò yìnyín kan á mú kílò ẹja mẹ́ta wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru Èkó ń jẹ lára yìnyín náà, tábìlì ń jẹ níbẹ̀, ọwọ́ oníbàárà tó ń yẹ ẹja wò náà ń jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ẹlẹ́ja ní ilẹ̀ olóoru fi jẹ́ pé kí yìnyín àti ẹja jọ wúwo bákan náà. Ẹlẹ́ja tó bá ń ráhùn pé yìnyín òun ń yọ́ lórí ẹja ń ráhùn lórí iṣẹ́ tó sanwó rẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́ kò jẹ́ kí ẹja gbóná kọjá òdo, kò sì jẹ́ kí ó gbẹ. Omi tútù lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: kílójúùlù tí kílò omi kan lè gbà kó tó kúrò ní òdo dé 30 kò tó ìdajì èyí tí kílò yìnyín kan ń gbà kó tó yọ́ tán.

Èmi gbà pé ìdáhùn Black ni ìtẹ̀síwájú tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Síbẹ̀, òun náà ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó tẹ̀ lé e gbà pé ooru jẹ́ ohun kan tó ń ṣàn wọnú nǹkan, tó sì ń ṣàn jáde. Antoine Lavoisier ní ilẹ̀ Faransé tiẹ̀ kà á mọ́ àwọn ohun tí ayé fi ṣe. Ní 1798, Count Rumford, tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò ìbọn àgbá ní Munich, fi hàn pé fífi irin ha irin lè mú ooru jáde láìlópin. Bí ooru bá jẹ́ ohun tí irin gbé pamọ́ sínú, ó yẹ kó tán. James Joule wá fi ìṣirò tì í lẹ́yìn láti 1843: iṣẹ́ lè di ooru, ooru kì í ṣe nǹkan tí a lè bù sínú ìgò.

Ìkejì ni pé iye ooru nìkan kò sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Ooru tó wà nínú ọ̀sà Èkó pọ̀ ju ti ìkòkò tó ń hó lọ fíìfíì, síbẹ̀ kò sí ẹni tó fi omi ọ̀sà se ẹyin. Ìwọ̀n ooru ló ń sọ ọ̀nà tí ooru yóò gbà, iye rẹ̀ ló ń sọ bí ìrìn náà yóò ṣe pẹ́ tó. Ọ̀wọ́ méjèèjì nílò ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé púpọ̀ ló ń kọ̀wé bí ẹni pé ọ̀kan ti lé èkejì jáde.

Àwọn tó ń wo ohun tó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀

Celsius fúnra rẹ̀ mọ̀ pé 100 rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí omi ti ń hó ń sún pẹ̀lú bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó. Ní Èkó tó wà létí òkun, 100 ni. Ní Jos tó wà lórí òkè tó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, omi ti ń hó ní nǹkan bí 96, ẹ̀wà ibẹ̀ sì ń pẹ́ lórí iná. Nínú ìkòkò onídèérí tó ń súfèé, omi lè dé 120 láìtíì di oru tán, ẹ̀wà á sì tètè jinná.

Sílíńdà gáàsì ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún ọ̀wọ́ yìí. Propane àti butane ni wọ́n dà pọ̀ sínú rẹ̀. Lábẹ́ afẹ́fẹ́ lásán, propane ń hó ní dígírì 42 nísàlẹ̀ òdo, butane sì ń hó ní bíi òdo. Bí ìwọ̀n ooru nìkan bá ń pàṣẹ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí omi gáàsì ní Èkó láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mi sílíńdà tó kún dé ìdajì yóò gbọ́ omi nínú rẹ̀. Fífún tí wọ́n fún un mọ́nú irin ló sọ ọ́ di omi nínú ooru dígírì 30. Bí a bá sì ṣí i fún ìgbà pípẹ́, ara irin náà á tutù, á sì máa làágùn, nítorí pé gáàsì ń fa ooru tó fi ń di afẹ́fẹ́ láti ara irin. Black rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, nínú ilé ìdáná.

J. Willard Gibbs ní Yunifásítì Yale ló fún ọ̀wọ́ yìí ní òfin rẹ̀, láàárín 1876 sí 1878. Pẹ̀lú òfin yẹn, a lè yà á lórí ìwé: ìwọ̀n ooru ní ẹsẹ̀ kan, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ kejì, ká sì rí àgbègbè yìnyín, ti omi àti ti oru. Ibì kan wà, ní dígírì 0.01 pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tín-ín-rín, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lè jọ wà. Ibòmíràn sì wà, kọjá dígírì 374 àti nǹkan bí ìlọ́po 218 ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ wa, tí kò sí ìyàtọ̀ kankan mọ́ láàárín omi àti oru. Níbẹ̀, ìbéèrè wa fúnra rẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Ọ̀wọ́ yìí ti bí ìjà tó ṣì ń lọ títí dòní. Yìnyín máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú àpò; ẹni tó bá fi méjì kan ara wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè rí i pé wọ́n ti di ọ̀kan. Ní 1849, James Thomson fi ìṣirò sọ pé bí a bá tẹ yìnyín, ó yẹ kó yọ́ ní ìsàlẹ̀ òdo díẹ̀, nítorí pé omi gba àyè tó kéré ju yìnyín lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àbúrò rẹ̀ William fi àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. James wá fi èyí ṣàlàyé lílẹ̀ náà: wọ́n tẹ ara wọn, ojú wọn yọ́, nígbà tí ìtẹ̀ náà dín, ó tún dì. Michael Faraday ní rárá. Ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ omi kan wà lójú yìnyín nígbà gbogbo, yálà a tẹ̀ ẹ́ tàbí a kò tẹ̀ ẹ́, òun ló sì ń dì nígbà tí ojú méjì bá pàdé. Ìṣirò òde òní kò gbe Thomson: láti mú ibi yíyọ́ yìnyín wálẹ̀ ní dígírì kan, ó nílò nǹkan bí ìlọ́po 130 ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́, kò sì sí ọwọ́ ẹni tó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé Faraday ló ń borí, àmọ́ lórí bí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ṣe nípọn tó, àti lórí bóyá òun gan-an ló ń mú yìnyín yọ̀, wọn kò tíì fẹnu kò.

Àìlera ọ̀wọ́ yìí kò gba àlàyé púpọ̀: ìtẹ̀mọ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ kì í yàtọ̀ lórí tábìlì kan sí òmíràn ní Sandgrouse. Kò lè sọ ìdí tí epo pupa fi dì tí òróró ẹ̀gúsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dì.

Àwọn tó ní inú nǹkan náà ni ká wò

Ọ̀wọ́ kẹrin sọ pé ooru kì í ṣe nǹkan mìíràn ju bí àwọn mólíkù ṣe ń gbọ̀n lọ. Clausius, Maxwell àti Boltzmann ló kọ́ ilé ìmọ̀ yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí mólíkù bá gbọ̀n díẹ̀, ìfẹ́ tó wà láàárín wọn á dè wọ́n mọ́ ibi kan. Ohun líle nìyẹn. Bó bá gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa yí kọjá ara wọn láìtú ká. Ìyẹn ló ń ṣàn. Bó bá tún pọ̀ sí i, wọ́n á fò lọ. Nọ́ńbà tí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbé jókòó láìsọ orísun rẹ̀, ọ̀wọ́ yìí sọ ibi tó ti wá: láti inú agbára tí mólíkù fi di ara wọn mú.

Ẹ wo omi. Mólíkù rẹ̀ kékeré. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, hydrogen sulphide, tò bíi tirẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀, síbẹ̀ dígírì 60 nísàlẹ̀ òdo ni gáàsì náà ti ń hó. Ká ní omi tẹ̀ lé àpẹẹrẹ ẹbí rẹ̀, kì bá sí ọ̀sà kankan ní Èkó. Ohun tó gbà á là ni pé háídírójìn mólíkù kan máa ń dì mọ́ ọ́síjìn mólíkù kejì. Ìdè yẹn náà ló ń to mólíkù sí àyè gbígbòòrò nígbà tí omi bá dì, tí yìnyín fi fúyẹ́ ju omi lọ, tó sì ń léfòó.

Epo ibi ọjà ló fi agbára ọ̀wọ́ yìí hàn jù lọ lójú mi. Epo pupa kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ irú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ palmitic, tí òpó rẹ̀ tò gbọnrangandan, tí mólíkù rẹ̀ sì ń rọrùn láti tò sára wọn. Nǹkan bí ìdá 39 jẹ́ oleic, tí òpó tirẹ̀ ká láàárín, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n tò dáadáa. Palmitic nìkan ń yọ́ ní bíi 63, oleic nìkan ní bíi 14. Nígbà tí wọ́n bá jọ wà nínú epo, àwọn kan á ti dì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń ṣàn. Ìdí nìyí tí kẹ́ẹ̀gì fi ń pín sí méjì. Òróró tí wọ́n ń pè ní palm olein, tí ilé-iṣẹ́ ti sẹ́ ọ̀rá líle kúrò nínú rẹ̀, kì í dì ní Èkó. Òróró àgbọn ń yọ́ ní nǹkan bí 24 sí 25: ní ọ̀sán Èkó omi ni, ní alẹ́ ọyẹ́ tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, ó funfun, ó sì dì. Òrí le ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ọ̀rá stearic pọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn ń yọ́ ọ. Ooru ìlú wa bọ́ sí àárín gbùngbùn ibi tí àwọn ọ̀rá wọ̀nyí ti ń yí padà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé onílé-ìtajà epo ní Èkó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ti omi nìkan lọ.

Àdàlù náà ló ṣàlàyé iyọ̀ àti ẹja. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ń dí àwọn mólíkù omi lọ́wọ́ láti tò. Omi òkun kì í dì àfi nígbà tó bá sún mọ́ dígírì 2 nísàlẹ̀ òdo. Bí a bá po iyọ̀ mọ́ yìnyín dáadáa, ó lè tutù dé dígírì 21 nísàlẹ̀ òdo, yóò sì máa yọ́ bó ṣe ń tutù sí i, èyí tó máa ń ya ẹni tó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu. Ẹran ara ẹja náà kún fún omi oníyọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín dígírì 1 sí 2 nísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n ní dígírì 5 nísàlẹ̀ òdo, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi rẹ̀ ṣì wà láìdì. Ẹja tó le lọ́wọ́ kò túmọ̀ sí ẹja tó dì tán. Nígbà tí iná bá lọ tó sì padà, tó tún lọ, omi tó kù yẹn ló ń yọ́ tó ń dì, yìnyín inú ẹran ń tóbi sí i, ẹran náà ń ya, ó sì máa ń ṣomi nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀. Dígírì 18 tí Codex sọ kì í ṣe ibi tí ẹja ti ń dì. Ibi tí èyí tí kò dì kò ti lè ṣe púpọ̀ mọ́ ni.

Ohun tí ọ̀wọ́ yìí kò lè ṣe ni pé kó sọ ìgbà. Ó sọ ipò tó bá mólíkù lára mu jù. Kò sọ bóyá mólíkù náà yóò débẹ̀ lónìí.

Àwọn tó ní dídì gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀

Ní 1724, Daniel Fahrenheit kọ̀wé pé òun rí omi tó tutù ju ibi dídì lọ, tí kò sì dì, àfi ìgbà tí wọ́n mì í. Omi tó mọ́ gan-an, ní ẹ̀kán kéékèèké, lè dé nǹkan bíi dígírì 38 nísàlẹ̀ òdo kó tó dì. Òdo tí a kọ́ sórí nílé-ẹ̀kọ́ ni ibi tí yìnyín ti ń yọ́ dájúdájú. Kò dájú pé ibẹ̀ ni omi yóò ti dì.

Àlàyé wọn ni pé mólíkù díẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò bí yìnyín kí àwọn yòókù tó rí ibi tò sí, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn sì nira. Eruku lè ràn án lọ́wọ́, ara ìkòkò tó há lè ràn án lọ́wọ́. Bakitéríà kan tó ń gbé lára ewé, Pseudomonas syringae, ń mú omi dì ní dígírì díẹ̀ péré nísàlẹ̀ òdo. Ní 1946, Vincent Schaefer àti Bernard Vonnegut ní Amẹ́ríkà fi hàn pé a lè fi yìnyín gbígbẹ tàbí silver iodide mú kí omi inú ìkùukùu dì. Òjò yìnyín tó ń já páànù wa lójijì, inú irú omi bẹ́ẹ̀ tó tutù kọjá òdo lókè ló ti ń dàgbà.

Ìtàn nǹkan náà wọ inú ọ̀rọ̀ níbí. Ọ̀rá kòkó, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ń ṣe orísun rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní ọ̀nà mẹ́fà tó lè gbà dì. Wille àti Lutton kà wọ́n ní 1966. Ìkarùn-ún ń yọ́ ní nǹkan bíi 34, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń yọ́ kó tó dé 25. Ohun kan náà, ooru kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un tutù ló ń sọ bóyá ṣokoléètì yóò le, tàbí yóò rọ̀ kó sì hu funfun.

Ọ̀rọ̀ Erasto Mpemba náà bọ́ sí abẹ́ ọ̀wọ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Tanganyika ní 1963 nígbà tó gbé mílíìkì gbígbóná sínú fírísà láti ṣe áísìkirimù, tirẹ̀ sì dì kí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti tutù tó dì. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, Denis Osborne, olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì Dar es Salaam, tún àyẹ̀wò náà ṣe, àwọn méjèèjì sì jọ tẹ ìwé jáde ní 1969. Àwọn alátìlẹ́yìn ní omi gbígbóná ń pàdánù oru, afẹ́fẹ́ tó yọ́ sínú rẹ̀ ń jáde, ó sì ń yí nínú ife lọ́nà mìíràn. Henry Burridge àti Paul Linden sọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó dúró: ní ìwé wọn ti 2016, sísún tẹmómítà sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ ti tó láti mú èsì náà hàn láìsí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn kan dá wọn lóhùn pé àkókò tí omi fi dé òdo ni wọ́n wọ̀n, wọn kò wọn àkókò tó fi dì. Ní 2020, Avinash Kumar àti John Bechhoefer ní Kánádà rí irú ìwà bẹ́ẹ̀ gedegbe, ṣùgbọ́n lára ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tíntìntín kan nínú omi ni, kì í ṣe lára omi tó ń dì.

Ìṣòro ọ̀wọ́ yìí ni pé gbogbo nǹkan ló lè jẹ́ ìdí. Ìmọ̀ tó bá ní eruku, ìkòkò, ìtàn àti ibi tí tẹmómítà wà gbogbo rẹ̀ ló kàn, ó nira láti fi hàn pé ó jẹ́ irọ́, ìyẹn sì jẹ́ àbùkù.

Ọ̀dà àti gíláàsì kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni

Ní Àgbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀dà ń jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ kànga ọ̀dà ní agbègbè náà. Kò sí dígírì kan tí a lè tọ́ka sí pé ibí ni ọ̀dà ti yọ́. Ó kàn ń rọ̀ ni. Ní 1927, Thomas Parnell ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà da irú ọ̀dà dúdú kan tó ń fọ́ bí wọ́n bá fi òòlù lù ú sínú àrọ. Ó ń kán: ẹ̀kán kẹsàn-án já ní 2014. Gíláàsì náà kò ní ibi yíyọ́ kan pàtó. Mólíkù rẹ̀ wà rúdurùdu bíi ti omi, ó sì le bí ohun líle. Philip Anderson, tó gba ẹ̀bùn Nobel, kọ ọ́ ní 1995 pé ọ̀rọ̀ gíláàsì lè jẹ́ àdììtú tó jinlẹ̀ jù nínú ìmọ̀ ohun líle. Gbogbo ọ̀wọ́ márààrún tí a ti kà ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀, torí wọ́n ti gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé ipò mẹ́ta ni ó wà, àti pé ààlà wọn mọ́ kedere.

Ohun tí kò tíì yanjú

Lójú tèmi, kò sí èyí tó yẹ ká lé jáde nínú àwọn ọ̀wọ́ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ipò wọn kò dọ́gba. Fún ẹni tó ń ra ẹja, Black ló wúlò jù. Fún ẹni tó ń ta epo, ti mólíkù ni. Ti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kò kan ọjà títí a ó fi dé ìdí sílíńdà. Ti ìbẹ̀rẹ̀ dídì ló ní ìbéèrè jù, òun náà ló sì ní ìdáhùn tó kéré jù.

Mẹ́rin ló ṣì wà nílẹ̀. Wọn kò tíì mọ ohun tí gíláàsì jẹ́ gan-an. Ìjà Faraday àti Thomson ti yí padà, kò tíì parí. Ẹ̀kẹta le jù: ní 1992, Poole, Sciortino, Essmann àti Stanley fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò tó dábàá pé bí omi bá tutù gan-an láìdì, ó lè pín sí omi méjì, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti tì wọ́n lẹ́yìn láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n omi ń tètè di yìnyín ní agbègbè òtútù yẹn débi pé ó nira láti wọ̀n ọ́ kó tó dì.

Ẹ̀kẹrin ni ti Mpemba, òun nìkan ni kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà èyíkéyìí ní Èkó tó bá ní fírísà àti tẹmómítà lè gbé ife omi méjì kalẹ̀ kó sì kọ èsì sílẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ irú omi tó jẹ́, irú ife tó jẹ́, ibi tí tẹmómítà wà, àti iye ìgbà tí èsì náà yàtọ̀.